Ta ló tún ní iṣẹ́ Twins Seven-Seven, ayàwòrán Òṣogbo nì, nílé? Ẹ jẹ́ ká jọ rántí bàbá yìí

Kẹ́hìndé_ÒkèÀdó (Ọjọ́ Àìkú, aago 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá wa papòdà lọ́dún tó kọjá. Ilé wọn tó wà ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, la ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lánàá ni mo rí nǹkan kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wọn, wọ́n fi àdìrẹ àtijọ́ wé e, wọ́n sì fi okùn dì í. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ kí n tó tú u. Àwòrán tó máa ń wà ní pálọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré ni, èyí tó máa ń bà wá lẹ́rù tí a kì í fẹ́ dá kọjá níwájú rẹ̀ bí iná bá ti lọ.

Kò tóbi. Ó fi díẹ̀ ju ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì lọ. Ojú ìwé rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Ẹnì kan ló dúró láàárín, orí rẹ̀ bí orí ẹyẹ, ojú rẹ̀ ràbàtà, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi fèrèsé. Àwọn ọmọ kéékèèké jókòó sínú ikùn náà, mo ka méje, gbogbo wọn ń wo ìta. Ejò lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò sí àyè kankan tó ṣófo níbẹ̀. Ibi tí kì í bá ṣe ojú, ìpẹ́ ni. Ibi tí kì í bá ṣe ìpẹ́, ìlà wẹ́wẹ́ ni, tàbí àmì tóótòòtó bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n kọ TWINS SEVEN SEVEN síbẹ̀.

Táíwò àbúrò mi ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí alágbàtà kan ní Èkó, ọkùnrin náà sì ti ń pè wá láràárọ̀. Ó ní lójú ẹsẹ̀ lòun máa sanwó, ká ṣáà ti tètè ṣe é. Ìkánjú yẹn ló mú mi fura. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa ká tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bàbá ayàwòrán yìí, tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá_Òròkí (aago 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Kẹ́hìndé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ tíátà, ṣí Mbari Mbayo, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, ní 1962. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ yẹn ṣe jẹ́. Mbari ni ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán Ìbàdàn ń jẹ́ láti 1961, ọ̀rọ̀ Ìgbò sì ni. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, etí Yorùbá làwọn ará ìlú fi gbọ́ ọ, wọ́n ní: "Ḿ bá rí i, ḿ bá yọ̀." Bó ṣe dúró nìyẹn. Ayọ̀ náà la sì rí níbẹ̀ lóòótọ́.

Ní 1964 ni Twins Seven-Seven dé. Oníjó ló jẹ́ nígbà náà, ó ń bá oníṣòwò oògùn kan kiri láti ìlú dé ìlú, òun ló ń fi ijó pe èrò jọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà. Àríyá kan ń lọ ní Mbari Mbayo, ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó sì jó títí tí gbogbo ojú fi kúrò lára àwọn yòókù. Èmi ò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà o, ohun tí Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣiṣẹ́, kọ sílẹ̀ ni mò ń sọ. Ó ní "Seven-Seven" ni wọ́n ṣe sẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, bọ́tìnnì aláwọ̀ òdòdó sì tò lọ lára ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n ní kó má lọ mọ́. Ẹni tí kò tí ì ya àwòrán rí! Georgina Beier, ayàwòrán tó di ìyàwó Ulli, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́dún yẹn, ó gbé ìwé àti yíǹkì fún un, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ọdún náà ni èyí tó pè ní *Devil's Dog*. (N kò ní túmọ̀ rẹ̀ sí ajá Èṣù, nítorí Èṣù wa kì í ṣe Sàtánì, ó sì dùn mí pé àwọn ènìyàn ṣì ń da méjèèjì pọ̀.)

Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ tíátà Ládiípọ̀ kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Òṣèré ni Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé. Àwa ọmọdé a máa lọ dúró lójú fèrèsé láti wò wọ́n. Wọn kì í lé wa.

Ará_Ìjùmú (aago 5:40 ìrọ̀lẹ́)

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Kí wọ́n má gbàgbé ilé wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń pè é ní ayàwòrán Òṣogbo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Ògìdì ní Ìjùmú, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí, ni wọ́n ti bí i ní 1944. Táíwò Oláníyì lorúkọ rẹ̀. Ìlú tó ti wá yẹn náà ni Nike Davies-Okundaye ti wá, ẹni tó fẹ́ ẹ nígbà kan, tó sì wá fi àdìrẹ àti gàlárì tirẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ní ti Seven-Seven: ìyá rẹ̀ bí ìbejì léra wọn nígbà méje, gbogbo wọn ló lọ, òun nìkan ló kù. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, orí ẹ̀ ló sì gbé e wá sílé ayé. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójaiyé, Kòsọ́kọ́, á mọ̀ pé kò fi orúkọ yìí ṣe fáàrí. Ó ń sọ ibi tó ti wá ni.

Ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ fi ká mi lára, Kẹ́hìndé. Ọmọ méje nínú ikùn. Ṣé o ò rí i?

Adìrẹ_Ìtòkú (aago 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Aláàdìrẹ ni mí ní Abẹ́òkúta, ìdí aró ni ìyá mi bí mi sí.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ bàbá yìí ni bí kì í ṣe fi àyè sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti ìyá tó ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ìlà, á mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ni. O pín aṣọ sí ojú-ojú, ojú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ìpẹ́ ẹja níhìn-ín, ewé lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó jọra wọn. Màmá mi rí iṣẹ́ rẹ̀ kan lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan, ó dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní: "Ẹni tó ya èyí, kò kánjú." Ó tún ní òun mọ̀ pé obìnrin ló kọ́ ọ. N ò ṣàlàyé fún un.

Kẹ́hìndé, aṣọ tí wọ́n fi wé e ńkọ́? Ṣé ẹlẹ́kọ ni àbí oníko tí wọ́n fi ìko dì? Jọ̀ọ́, má sọ ọ́ nù.

Kẹ́hìndé_ÒkèÀdó (aago 6:33 ìrọ̀lẹ́)

Ẹlẹ́kọ ni, mà. Olókun lorúkọ bátànì rẹ̀, ó ti ya létí. N ò ní sọ ọ́ nù.

Gbénga_Filadẹ́fíà (aago 11:48 alẹ́)

Ìlú tí mò ń gbé níbí ni bàbá náà lo ọ̀pọ̀ ọdún sí nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ apá yìí náà. Ẹni tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Paris ní 1989 fún àfihàn *Magiciens de la Terre*, ìyẹn àfihàn tó kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti gbogbo ilẹ̀ ayé, wá dé Filadẹ́fíà níbí, ó sì di ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níwájú ilé ìtajà kan. Inú òtútù. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ò mọ ẹni tó ń dá wọn lóhùn. Ìgbà tí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ níbi iṣẹ́ náà ni wọ́n tún fún un láàyè láti máa yàwòrán.

Ní 2005, àjọ UNESCO fi í ṣe Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ka igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Henry Glassie, ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn ìbílẹ̀, jókòó tì í, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tó jáde ní 2010. Mo dúpẹ́ pé ó jáde nígbà tó ṣì wà láàyè.

Èmi ò ní àwòrán rẹ̀. Ohun tí mo ní ni rẹ́kọ́ọ̀dù kan, nítorí ó kọrin náà, ó ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń ha díẹ̀. Tí yìnyín bá ń já bọ́, mo máa ń gbé e sí i.

Férémù_Yábàá (Ọjọ́ Ajé, aago 8:10 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Iṣẹ́ férémù ni mò ń ṣe ní Yábàá, mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. Iṣẹ́ bàbá yìí ti gba ọwọ́ mi kọjá, ojúlówó àti ayédèrú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Kẹ́hìndé ṣe máa yẹ tirẹ̀ wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ oríṣi tó jẹ́. Ó ní èyí tó fi pánù síǹkì tẹ̀. Wọ́n á fi ohun tó dà bí ìda bo ojú pánù, á fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sí i, wọ́n á rì í sínú ásíìdì kí ásíìdì jẹ ojú ìlà wọnú. Wọ́n á wá fi yíǹkì kún ojú ìlà, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó tutù díẹ̀. Irú èyí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́nsùlù kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, bíi 7/30, ìyẹn ni pé ìkeje nínú ọgbọ̀n ni. Ẹ fi ìka yín tọ́ etí àwòrán náà: etí pánù máa ń tẹ ìwé wọnú, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ.

Èkejì lèyí tó fi ọwọ́ ya tààrà, yíǹkì lórí ìwé tàbí lórí aṣọ. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì, ẹ tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án síwájú. Ibi tí ọwọ́ ti dúró díẹ̀ kó tó tún fa ìlà lọ máa ń dúdú jù. Ìlà tó kọjá lórí ìlà míì á hàn pé ó kọjá lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tún un tẹ̀ bíi kàlẹ́ńdà, ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ máa rí àmì kéékèèké tò lọ bí ìrẹsì lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ìyẹn fi lè jẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti píláìwúùdù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ó máa ń gé pátákó náà ní ègé-ègé, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, tí àwòrán á fi yọ síta lára ògiri, á wá kùn ún, á ya ìlà sí gbogbo ojú rẹ̀. Èyí ni ikán fẹ́ràn jù! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má gbé e lé ògiri gbalaja, ẹ fi nǹkan gbé e kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ dákun: ẹ má fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ má fi kẹrosíìnì lé kòkòrò. Ẹ má gbé fáníìṣì tuntun lé e kó lè máa dán. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, oòrùn ló ń pa yíǹkì. Bí páálí bá wà lẹ́yìn rẹ̀ láti àtijọ́, páálí yẹn ló ń mú ìwé pọ́n. Ẹ mú un kúrò jẹ́jẹ́, àmọ́ kí ẹ tó jù ú nù, ẹ yà á ní fọ́tò níwájú lẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó ju páálí tí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí lẹ́yìn dànù, tó tún wá ń wá a lórí ààtàn.

Àkójọ_Iléṣà (aago 9:30 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá onífírémù ti tó gbogbo rẹ̀. Èmi ní mẹ́ta: píláìwúùdù méjì àti ọ̀kan tí wọ́n fi pánù tẹ̀. Mo ra àkọ́kọ́ ní 1993, owó oṣù mi àkọ́kọ́ ló bá a lọ, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín. Títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀ tà á ni ó fi dé ọwọ́ bàbá Kẹ́hìndé. Àwòrán tí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ rà, tó tọ́jú, sàn ju èyí tí ọmọ jogún tó gbé sí ìdí kòtò omi lọ. Ohun tí mo lòdì sí ni títa á fún ẹni tó ń kánjú. Ọjà gbàǹjo àwòrán ti wà ní Èkó láti 2008, iléeṣẹ́ gbàǹjo Bonhams náà ti ń ṣe ti àwòrán Áfíríkà lọ́tọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 2009. Iye tí wọ́n ta nǹkan wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Kí Táíwò wo ohun tí irú rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, ọdún tí wọ́n yà á, ti mú wọlé, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kó sì béèrè ìwé. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e kúrò nílùú, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà gbé e sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Bàbá_Òròkí (aago 10:05 àárọ̀)

Àkójọ_Iléṣà, mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, n kò fara mọ́ ọn tán. Àwọn tó tóbi ti wà ní mùsíọ́mù, Smithsonian ní Washington ní nínú rẹ̀. Àwọn kékeré yìí, tí tíṣà àti akọ̀wé rà nígbà tí kò tí ì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ni wọ́n ń tán lọ nínú ilé wa. Tó bá ti kúrò nínú ilé tí wọ́n rà á sí, ta ni yóò tún mọ̀ pé tíṣà kan ló gbé e wálé láti Òṣogbo? Àwòrán á wà, ẹnu tó máa sọ ìtàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀yọ́ (aago 12:20 ọ̀sán)

Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Ẹ ní ìwé àwòrán yìí wà ní pálọ̀, ẹ sì jẹ́ ìbejì. Èmi náà bí ìbejì, mo mọ bí ọkàn ìyá ṣe máa ń rí. Báwo ni màmá yín ṣe gbà kí wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ sílé?

Kẹ́hìndé_ÒkèÀdó (aago 9:15 alẹ́)

Mà, wọn ò gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Tíṣà ni bàbá wa ní Òṣogbo nígbà náà. Kí wọ́n tó bí wa ní 1968, Màmá ti bí ọmọ méjì tí wọn ò dúró. A kì í sọ ọ́ nínú ilé. Ohun tí mo rántí ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Màmá á dìde, wọ́n á yí ojú àwòrán náà sí ògiri. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Bàbá á yí i padà. Wọn kì í bá ara wọn jà lórí rẹ̀, wọn kì í sọ nǹkankan. Láràárọ̀, lálaalẹ́. Èmi àti Táíwò rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe pẹ̀lú àwòrán wọn. Nígbà tí a kó wá sí Ìbàdàn ni Bàbá yọ ọ́ kúrò lára ògiri. N kò mọ̀ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣe ohun tí ọ̀gá onífírémù sọ. Kò sí nọ́ńbà. Mo fi ìka tọ́ etí rẹ̀, ó tẹ́jú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́: ìlà náà dúdú níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́lẹ́ lọ, ó tún dúdú. Lójú ẹyẹ yẹn, ìlà yípo yípo bí ẹ̀yìn ìgbín, kò já níbì kankan. Awò kò fi àmì kankan hàn mí. Páálí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbó. Ikán ti jẹ igun férémù kan, kò tí ì dé ìwé. N kò tí ì yọ páálí náà, ẹ̀rù ń bà mí.

Férémù_Yábàá (aago 9:50 alẹ́)

Ọwọ́ ni. Lóhùn tí ẹ fi sọ ọ́ yìí, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò tẹ̀ ẹ́. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó wò ó lójúkojú, ẹ má gba ti fọ́tò. Àwọn tó ń ṣe bíi tirẹ̀ pọ̀, àwọn kan tilẹ̀ kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ má fi ipá yọ páálí. Ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú gba abẹ́ ìṣó rẹ̀, ìṣó kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ mímọ́. Kí ọwọ́ yín gbẹ.

Àjàlá_Bayreuth (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 àárọ̀)

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Jámánì. Bayreuth níbí ni Ulli Beier dá Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, sílẹ̀ sí ní 1981. "Ìwà lẹwà" wa ló fi sọ ọ́. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, Twins Seven-Seven wà lára wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọbẹ̀, mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ojú ilé ń ro mí. Mo rí iwin tó ní orí mẹ́rìndínlógún, gbogbo orí ló ń rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá àgbà mi tún ń pàlọ́ fún mi ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa wò ó, Òṣogbo yín níbẹ̀ náà ní Centre for Black Culture and International Understanding, àwọn ìwé àti fọ́tò Beier wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ná.

Ọdún kan náà ni Beier àti Twins papòdà, 2011. Beier lọ ní oṣù Kẹrin ní Sydney. Ìròyìn òun ṣì wà lẹ́nu wa tí ti Twins fi dé ní oṣù Kẹfà.

Bàbá_Òròkí (aago 8:45 àárọ̀)

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Mo wà lọ́jà nígbà tí rédíò sọ ọ́. Ìyá kan tó ń ta elùbọ́ nítòsí mi béèrè pé ta ni, mo ní ayàwòrán nì, Twins. Ó ní: "Oníjó yẹn?" Ọmọdébìnrin ló wà nígbà tó rí i tó ń jó kiri lẹ́yìn oníṣòwò oògùn. Àádọ́ta ọdún dín díẹ̀, ijó yẹn ṣì wà lójú rẹ̀.

Kẹ́hìndé, ṣé màmá ṣì wà láyé?

Kẹ́hìndé_ÒkèÀdó (Ọjọ́rú, aago 10:30 alẹ́)

Wọ́n wà, bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Mo yọ páálí náà lónìí, ìṣó mẹ́jọ. Táíwò ló di férémù mú. Nǹkan wà lẹ́yìn ìwé náà, pẹ́nsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ Bàbá ni, ọwọ́ tíṣà tó máa ń tọ́ bí ìlà rúlà. Ó kà báyìí:

*Òṣogbo, oṣù Kẹwàá 1966. Málọmọ́.*

Èmi àti Táíwò ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Málọmọ́. A gbé e tọ Màmá lọ. Mo rò pé wọ́n á ní ká gbé e kúrò níwájú àwọn. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wọ́n, mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní ọmọ wọn kejì ni, oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Bàbá ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Àbíkú ni wọ́n pè é, a kì í sunkún àbíkú. Màmá ní gbogbo ọdún yẹn làwọn ń rò pé Bàbá ti gbàgbé.

Wọ́n fi ìka wọn sórí orúkọ náà, mo fẹ́ sọ pé ọ̀gá onífírémù ní kí ọwọ́ gbẹ ká tó fọwọ́ kàn án, n kò lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà fúnra wọn, wọ́n wo iwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń ka àwọn ọmọ inú ikùn yẹn. Wọ́n bi mí pé kí lorúkọ ẹni tó yà á, mo ní Táíwò ni.

Táíwò tiwa jáde síta, ó lọ pe alágbàtà náà, ó ní kò sí ohun tí a fẹ́ tà.

Ọ̀gá onífírémù, mò ń bọ̀ ní Yábàá lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ní kí ẹ fi gíláàsì sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n lè máa rí ojú méjèèjì. Wọ́n tún ní kí àdìrẹ yẹn má kúrò lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ló ni ín, àwọn ti ń wá a láti ìgbà tí a ti kúrò ní Òṣogbo.

Férémù_Yábàá (aago 10:41 alẹ́)

Gíláàsì méjì. Ó ṣeé ṣe. Ẹ kí Màmá fún mi. Ẹ fi ìwé funfun sí àárín, ẹ gbé e lélẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀, ẹ má gbé e ní òró.